Ìwé Ìwà Ẹ̀dá: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Kà Á

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, àwa mélòó kan máa ń péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ láti ka àwọn ìwé tó ń wádìí ọkàn, ìrònú àti ìwà ọmọ ènìyàn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa kì í pẹ́ béèrè ìwé tó yẹ kí òun fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í dárúkọ ìwé kankan fún un lọ́jọ́ náà. Mo máa ń ní kó ra ìwé ìkọ̀wé kan, kó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, kó sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo síbẹ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, èyí tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba kọ tirẹ̀ pé: “Kí ló dé tí èmi àti àbúrò mi kò fi lè jókòó pọ̀ mọ́ láti ìgbà tí bàbá wa ti pín ilẹ̀ fún wa?” Olùkọ́ kan láti ìlú Oǹdó fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì rẹ̀ fi ń jí ìwé wò nígbà ìdánwò. Ẹni tó bá gbé ìbéèrè tirẹ̀ wọ inú ìwé yóò mọ ibi tó yẹ kó ti dúró, kó sì ronú. Ẹni tí kò bá gbé nǹkan kan dání yóò kàn máa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá ti dùn létí rẹ̀, ìwé náà yóò sì parí kó tó mọ ohun tó bá wá síbẹ̀.

Ìbéèrè tèmi rèé. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti jẹ́ akọ̀wé, ọ̀gá mi gbé ìwé kan síwájú mi pé kí n fọwọ́ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti ka ẹrù tó wọlé lọ́sẹ̀ náà, pé ó sì pé. N kò ka ẹrù náà. Ọwọ́ mi gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí bírò fi fa ìlà kọjá orúkọ mi, síbẹ̀ mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé ẹrù kò pé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù ni wọ́n gé owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ohun tí mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi ni: “Kí ló dé tí mo fi fọwọ́ sí i nígbà tí ara mi ti kọ̀ ọ́?” N óò padà sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè, irinṣẹ́ kejì ti wà lẹ́nu wa láti kékeré. Ní 1986, Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀ tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief and Witchcraft. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tó ya mímọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbàgbọ́. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ṣe kedere: ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni a lè sọ pé a mọ̀, ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, títí kan ohun tí olùkọ́ sọ àti ohun tí a kà nínú ìwé, gbígbà ni a gbà á gbọ́, títí dìgbà tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wa. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti sọ ara rẹ̀: a gbọ́, a sì gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìwé èyíkéyìí nínú àwọn tí n óò dárúkọ, ẹ fa ìlà láti òkè ojú ewé ìwé ìkọ̀wé yín dé ìsàlẹ̀. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tí òǹkọ̀wé fojú ara rẹ̀ rí. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tó gbà gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti rí. Àyè ìsàlẹ̀ yìí ló máa ń pẹ́ kó tó kún, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú ìwé tí a kọ ní èdè ẹni, a kì í fi agbára wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, gbogbo agbára náà ni yóò ṣẹ́ kù fún ìrònú. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọ̀pọ̀ wa sì kà á ní ilé ìwé gẹ́gẹ́ bí ìtàn iwin àti ebọra. Ẹ tún un kà bí ìwé ìwà ẹ̀dá. Nígbà tí Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìwé náà, fẹ́ bá Àkàrà-Ògùn lọ sí ìrìn àjò, tí obìnrin tó jẹ́ tirẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn pé kò ní í lọ, Kàkó pa á, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní alẹ́ tí a kà á dé ibẹ̀, a kò lè ṣí ewé kejì. Ẹnì kan ní ìbínú ló fà á. Ẹlòmíràn ní ìtìjú ni: ọkùnrin tó ti sọ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹnì kan dá òun dúró. Èmi fara mọ́ èyí kejì, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi, nítorí pé ó sún mọ́ ìbéèrè tèmi.

Láti Òkè-Igbó, ẹ bọ́ sí Ìgbàrà-Òkè, ní ọ̀nà tó gba Àkúrẹ́ lọ sí Iléṣà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé ní 1935, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Nàìjíríà. Ìwé rẹ̀ tó gbé Socrates ti ilẹ̀ Gíríìkì àti Ọ̀rúnmìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ṣòro kà, ó sì ń dá àwọn tó sọ pé aláwọ̀ dúdú kò ní ìmọ̀ èrò lóhùn. Ó fi hàn pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé sílẹ̀. Ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ni a ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Bí a bá wá gba ti Socrates bí ẹni tó ronú jinlẹ̀, kí ni a óò fi kọ ti Ọ̀rúnmìlà? Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé gíga ní ìpínlẹ̀ yìí ka ìwé náà kí wọ́n tó ka ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ ka ìtàn Afùwàpẹ́ tẹ̀ lé e, nínú ìwé tí Wándé Abímbọ́lá kọ lórí Ifá, tó jáde ní 1976. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹẹ̀kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, ń lọ yan orí ní ilé Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí ní ọ̀run, kí wọ́n tó wá sí ayé. Àwọn méjì sáré lọ, wọ́n gbé orí tó dára lójú, òjò sì nà wọ́n lọ́nà títí orí náà fi bó. Afùwàpẹ́ yà sílé bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ìkìlọ̀, ó mú iyọ̀ àti owó dání. Iyọ̀ ló fi ṣe ojú rere fún oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, owó ló fi san gbèsè tí Àjàlá torí rẹ̀ sá pamọ́ sí àjà, Àjàlá sì ràn án lọ́wọ́ láti yan orí tó le. Gbogbo wa ni a máa ń sọ pé orí ló dá ẹni. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ nìyí: kí Afùwàpẹ́ tó ní orí kankan rárá, kí ló mú kó yà, kó gbọ́ràn, kó sì ṣàánú oníbodè? A lo Sátidé méjì lórí èyí, ohùn sì ròkè. Ẹ rántí ìjiyàn yìí bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìkì, tó ní ìwà rere ń ti inú àṣà wá, pé ẹni tó bá ń ṣe ohun tó tọ́ lemọ́lemọ́ ni yóò di ẹni títọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá ti múlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lè mú Thinking, Fast and Slow, èyí tí Daniel Kahneman tẹ̀ jáde ní 2011. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ni, síbẹ̀ ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni wọ́n fún un ní 2002, nítorí iṣẹ́ tí òun àti Amos Tversky ṣe lórí bí ènìyàn ṣe ń ṣèpinnu. Ìwé náà tóbi, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tètè parí rẹ̀. Bí mo ṣe fi kọ́ àwọn ènìyàn wa ni pé mo yí àlọ́ kan tó wà níbẹ̀ sí owó ọjà wa: ata àti iṣu kan jẹ́ 1,100 náírà lápapọ̀, iṣu fi 1,000 náírà wọ́n ju ata lọ, èló ni ata? Tíṣà wa tó ń kọ́ni ní ilé ìwé gíga dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé 100 náírà ni. Ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà gbé ọwọ́ sókè pé kí a dúró. Ó ka ìka rẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Bí ata bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, iṣu á jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọgọ́rùn-ún, owó á ti di ẹgbẹ̀fà. Àádọ́ta náírà ni ata, ẹ̀yin ọmọ mi.” Kahneman sọ pé ó lé ní ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà tó ṣi irú ìbéèrè yìí dáhùn. Èrò kan máa ń sáré jáde ní ọkàn wa láìjẹ́ pé a pè é; èkejì máa ń ṣe ọ̀lẹ, àfi bí a bá jí i. A jiyàn títí lórí orúkọ tí a óò pè wọ́n ní Yorùbá, kí a tó fẹnu kò sí “ìrònú wàràwàrà” àti “ìrònú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́”.

Ìjiyàn orúkọ yẹn kì í ṣe eré. Ohun tí ẹ kò bá lè fi Yorùbá sọ fún ìyá tó bí yín, kó sì yé e, kò tíì yé ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá ka orí kan tán, ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu fún ẹnì kan nínú ilé. Ibi tí ẹnu bá ti wọ́ ni kí ẹ padà lọ kà.

Inú ìwé Kahneman kan náà ni ẹ ó ti rí bí ìlà tí a fà sínú ìwé ìkọ̀wé ṣe ń ṣiṣẹ́. Orí kan wà níbẹ̀ tó sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ènìyàn kàn rí fìrí lè yí bó ṣe ń ṣe padà. Ìwádìí àwọn ẹlòmíràn ni ó gbára lé. Nígbà tí àwọn mìíràn tún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà ṣe, èsì kò bára mu, ní 2017 sì ni Kahneman fúnra rẹ̀ gbà ní gbangba pé òun ti fọkàn tán wọn ju bó ti yẹ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an nítorí èyí. Ẹ kọ orí náà sí apá ìgbàgbọ́, kí ẹ má sì torí rẹ̀ ju ìwé náà sọnù.

Ìwé tó dá ìbéèrè tèmi lóhùn ni Obedience to Authority, tí Stanley Milgram tẹ̀ jáde ní 1974. Ní 1961, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ó pe àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n wá ṣèrànwọ́ fún ìwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sídìí ẹ̀rọ kan tí agbára iná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti fóltì 15 títí dé 450. Wọ́n ní kó máa fi iná gbọn ẹni tó wà ní yàrá kejì nígbàkígbà tí onítọ̀hún bá ṣi ìdáhùn, kó sì máa fi kún un. Iná kankan kò dé ara ẹni náà ní tòótọ́. Ẹni tí wọ́n ti bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀ tó ń lu ògiri. Nínú ẹni 40 àkọ́kọ́, 26 tẹ̀ ẹ́ dé 450. Ibi tí ó ká mi lára ni ibi tí Milgram ti ṣàpèjúwe wọn: ọ̀pọ̀ wọn làágùn, wọ́n gbọ̀n, wọ́n ń kólòlò, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ti rò láti ọdún wọ̀nyí wá pé ọwọ́ mi tó gbọ̀n fi hàn pé mo sàn ju ọ̀gá mi lọ. Ìwé yìí gba ìtùnú náà lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ó fún mi ní nǹkan mìíràn. Nígbà kan tí Milgram tún un dán wò, ó fi ènìyàn méjì jókòó ti ẹni tó ń tẹ iná, àwọn méjèèjì sì kọ̀ láti máa bá a lọ. Nínú ẹni 40 tó rí àwọn tó kọ̀ yìí, 4 péré ló tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ wá ọ̀dọ́mọkùnrin yàrá ẹrù yẹn, ẹni tó ti di baba ọlọ́mọ mẹ́rin. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbé àga fún mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ kò ka ẹrù náà. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ ń fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù ló bà mí.” Èyí ni mo kọ sí àyè ìsàlẹ̀: àwa méjì la wà níbẹ̀, tí ọ̀kan ń retí èkejì. Ẹ mọ̀ dájú pé àwọn olùwádìí mìíràn ti tú àkọsílẹ̀ Milgram yẹ̀ wò, wọ́n sì ní àwọn kan nínú àwọn tó tẹ iná náà fura pé kò sí iná. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Bí ìbéèrè tiyín bá jẹ́ ti ìyà tàbí ọ̀fọ̀, ẹ mú Man’s Search for Meaning ti Viktor Frankl. Dókítà àwọn tó ní àárẹ̀ ọkàn ni, Júù ni, láti ìlú Vienna; àwọn Nazi tó ń ṣàkóso Jámánì nígbà náà mú un ní 1942, wọ́n gbé e dé àgọ́ ìpànìyàn Auschwitz ní 1944, ó sì pàdánù bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti aya rẹ̀. Ó ti kọ ìwé kan tẹ́lẹ̀, ó fi í pamọ́ sínú ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀wù náà, wọ́n fún un ní àkísà ẹni tí wọ́n ti pa, ó sì bá ojú ewé kan láti inú ìwé àdúrà nínú àpò rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ jáde ní 1946 kúrú, ẹ lè kà á tán ní ọjọ́ mẹ́ta. Apá ìmọ̀ ni gbogbo ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ bọ́ sí. Ẹ má kà á ní òru nìkan bí ọ̀fọ̀ yín bá ṣì tutù.

Ní ti àwọn àgbà ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù, ìwé kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ìwé tí Plato kọ nípa ẹjọ́ Socrates olùkọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Apology, kí ẹ tó ronú kan ìwé rẹ̀ ńlá, Republic. Ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n dá ẹjọ́ náà, Plato sì wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú Phaedo, tó sọ bí Socrates ṣe kú, Plato fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara òun kò yá, pé òun kò sí níbẹ̀. Nípa báyìí, ìwé méjì láti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ apá ìlà wa. Ní ti Nicomachean Ethics ti Aristotle, ẹ fo lọ sí apá kẹjọ àti ìkẹsàn-án, níbi tó ti sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́: èyí tí a ń bá ṣe nítorí èrè, èyí tí a ń bá ṣe nítorí ìgbádùn, àti èyí tí a ń bá ṣe nítorí ìwà rẹ̀. Freud, dókítà ará Vienna tó kọ̀wé lórí ohun tó fara sin nínú ọkàn, lè dúró ná.

Epictetus àti Marcus Aurelius ni mo fẹ́ràn jù láàárín wọn, mo sì ń kà wọ́n pọ̀. Ẹrú ni Epictetus tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Arrian ló kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Marcus jẹ ọba Róòmù láti 161 sí 180, ó sì dúpẹ́ nínú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ Rusticus, olùkọ́ rẹ̀ kan, tó yá a ní ẹ̀kọ́ Epictetus kà. Ẹ rò ó wò pé ọba jókòó láti kọ́ ìwà lọ́dọ̀ ẹni tó ti jẹ́ ẹrú. Ara rẹ̀ ni ọba náà ń kọ̀wé sí, kò kọ ọ́ fún aráyé, ìdí nìyẹn tó fi ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ìpínrọ̀ kan lóòjọ́ tó, ní òwúrọ̀, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i pé ó ń súni.

Ẹ má ná owó sórí àwọn ìwé àtijọ́ yìí, nítorí pé Plato, Aristotle, Epictetus àti Marcus wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Project Gutenberg, ẹ sì lè kà wọ́n lórí fóònù. Owó ni ẹ ó fi ra àwọn ti òde òní, ẹ sì ṣọ́ra níbi tí ẹ ti ń rà á. Mo ra ẹ̀dà kan lẹ́bàá títì rí, mo dé ojú ewé 112, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 145. Ẹ ṣí ìwé láàárín kí ẹ tó sanwó, ẹ wo bóyá nọ́ńbà ojú ewé tẹ̀ léra, kí ẹ sì wo bóyá lẹ́tà rẹ̀ mọ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ẹni mẹ́ta lè dáwó ra ẹ̀dà kan, kí wọ́n máa kà á sókè fún ara wọn, bí àwa náà ṣe ń ṣe.

Black Skin, White Masks ni a ń kà lọ́wọ́ báyìí, ìwé tí Frantz Fanon, ọmọ erékùṣù Martinique tó wà lábẹ́ Faransé, tó jẹ́ dókítà ọkàn, tẹ̀ jáde ní 1952. Lórí èdè ni orí kìíní rẹ̀ dá lé: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláwọ̀ dúdú nígbà tó bá gbà pé bí òun bá ti ń sọ èdè òyìnbó, ìyẹn Faransé, dáadáa tó ni òun ṣe ń di ènìyàn tó. Ìyá tó ń ta ata gbọ́ ọ, ó ní kí a dúró, ó sì sọ bí wọ́n ṣe fi pátákó kọ́ òun lọ́rùn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun sọ Yorùbá, àti bí òun ṣe gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé lọ́jọ́ náà kí bàbá òun má bàa rí òun. Ojú ewé mẹ́wàá ni a máa ń kà lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, méjì péré ni a kà.